Ilẹ̀ Ló Ń Kọ́kọ́ Mu

Ẹ̀rọ náà ti ké títí, ohùn rẹ̀ ti sú gbogbo ìlú, kí Abíọ́nà tó yọ ní ìkòríta. "Ìyá Ẹ̀rọ, ẹ wá tẹ àtàǹpàkò yín. Ìyá Ẹ̀rọ, ẹ wá tẹ àtàǹpàkò yín." Ohùn obìnrin kan láti Ìsàlẹ̀ níhà gúúsù ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ohùn ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ rí. Abíọ́nà ti kórìíra ohùn náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ọ̀hún kalẹ̀ sí àárín ìlú Etíyanrìn, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀, àtàǹpàkò tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ sì mọ̀.

Àwọn ará ìlú ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Aṣọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, nítorí òfin kò gba aṣọ funfun níta ní Etíyanrìn, kò gba òrùlé tó ń dán, kò sì gba kí obìnrin gbá àgbàlá rẹ̀ kí ilẹ̀ hàn. Láyé àwọn ìyá ńlá wọn, obìnrin tí kò bá gbá àgbàlá láàárọ̀, ọ̀lẹ ni. Láyé tiwọn, ẹni tó bá gbá a, ilé ẹjọ́ ni yóò ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ńkọ́? Òfin ti lé wọn lọ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú. Àwọn àgbà ṣì máa ń pa á lówe pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́, àwọn ọmọdé á béèrè pé kí ni àgùntàn, àgbà kan á sì fọwọ́ júwe ohun kan tó jọ ìrọ̀rí tó ní ẹsẹ̀.

"Ìyàwó," ni Ìyápọ̀ wí, ó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Àbúrò ọkọ Abíọ́nà tó ti kú ni, òun náà ló sì ń ṣojú Ìgbìmọ̀ Ìgbànú ní ìlú. "Gbogbo ayé ló ń dúró dè ọ́. Àwọn ọkọ̀ á dé ní ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ má bínú, Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọjú sí Ìbíyẹmí àti àlejò." Akọ̀wé ni orúkọ tó sọ ọ́ nígbà tó wọlé wọn, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

"Àlejò yẹn, ó ń mu ọmú?"

Abíọ́nà kò dúró. Ó ti kọjá lọ.

Láàárọ̀ kùtù ni ìfilọ̀ ti jáde láti inú ẹ̀rọ. Ìgbìmọ̀ tó wà ní Ìsàlẹ̀ ní àwọn ti bomi rin Ìgbànú ní gbogbo àsìkò yìí, òjò kò wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pé koríko ń pe òjò ti di àlọ́ àpagbè, kí Etíyanrìn palẹ̀ mọ́. Kí Ìyá Ẹ̀rọ tẹ àtàǹpàkò rẹ̀, kó yọ orúkọ Ilẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó ń mu, kí wọ́n lè pín ìyókù omi inú táǹkì fún ìrìn àjò.

Nítorí Ilẹ̀ ní orúkọ nínú ẹ̀rọ náà, orúkọ tirẹ̀ ló sì ṣáájú. Láyé àtijọ́, àgbà kì í mu kó má ta díẹ̀ sílẹ̀. Ní Etíyanrìn wọ́n sọ ọ́ di òfin, wọ́n sì fi irin ṣe é. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì: ẹnu ilẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé nínú koríko, ẹnu ilé wà ní ilé ìdáná. Ẹnu ilé kò ní yọ omi àfi bí ẹnu ilẹ̀ bá ti yọ tirẹ̀ tán. Àwọn ẹ̀yìnkùlé wọ̀nyí ló so kọ́ra láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n di Ìgbànú, ọ̀já koríko àti igi tó gba ìbàdí ilẹ̀ kọjá, tí iyanrìn kò fi rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀. Etíyanrìn ló gbẹ̀yìn lókè. Bí èèyàn bá fò kọjá ọgbà Màmá Àbẹ̀ní, ilé tó kẹ́yìn ìlú, iyanrìn ló kù, funfun báláú títí ojú fi rẹ̀.

Ìbíyẹmí wà lórí ẹní, ó gbé ọmọ sáyà. Ọmọ kan ṣoṣo tí Abíọ́nà bí ni Ìbíyẹmí. Ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn tó wáṣẹ́ lọ sí Ìsàlẹ̀, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọwọ́ náà la ojú sílẹ̀, kò sunkún. Ẹkún tí kò sun yẹn ló ń ba Abíọ́nà lẹ́rù. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, kò sì tíì ní orúkọ, nítorí omi òjò nìkan ni wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ níbẹ̀. Òjò á rọ̀ sórí òrùlé, wọn á gbé ọmọ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ọmọ á ké, wọn á pe orúkọ. Ẹni tó bá da omi ẹ̀rọ sórí òrùlé nítorí ìsọmọlórúkọ, wọn á gbé e lọ fún ìfiṣòfò. Ọmọ tí kò bá sì lórúkọ, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n: kò ní ìpín omi, kò ní ààyè nínú ọkọ̀. Àlejò ni gbogbo ilé ń pè é.

"Ẹ ti tẹ àtàǹpàkò?" ni Ìbíyẹmí béèrè.

"Mò ń lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ bá ọ di ẹrù."

Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà láti fa àpótí jáde. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà tutù. Ó fà á jáde: kẹ́ẹ̀gì kan, omi kún un dé ìdajì, abọ́ rọ́bà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n so okùn mọ́ etí rẹ̀.

"Ìbíyẹmí. Omi wo nìyí?"

Ìbíyẹmí kọjú sí ògiri.

"Mo ní omi wo nìyí?"

"Ti ilẹ̀ ni."

Abíọ́nà jókòó sílẹ̀. "Ìwọ, ọmọ mi, o gba omi lẹ́nu ilẹ̀?"

"Mo so abọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Ó kàn ń gbọ́ pé omi ń ṣàn ni, kò mọ ibi tó ń ṣàn sí." Ìbíyẹmí dìde jókòó. "Kí ni kí n ṣe, Màámi? Ìpín ẹnì kan ni wọ́n ń fún mi, àwa méjì là ń mu ún. Ẹ wo ọmọ yìí. Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ wá sọ fún mi pé kí n dá omi padà fún koríko."

Abíọ́nà fẹ́ fọ́ ọ létí, ó sì fẹ́ fà á mọ́ra. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó kàn ń wo okùn tó wà létí abọ́ náà, bó ṣe gbó tó, bó ṣe ń dán níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Abọ́ náà kì í ṣe abọ́ tuntun.

"Ta ló fún ọ ní abọ́ yìí?"

"Màmá Àbẹ̀ní ló yá mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi nìkan kọ́. Gbogbo àdúgbò ni, tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni wọn kò sọ fún, torí ẹ̀yin ni Ìyá Ẹ̀rọ."

Abíọ́nà jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Koríko ṣì dúró, ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ó dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìwé. Ó ki ìka bọ ilẹ̀ lábẹ́ ẹnu ilẹ̀, níbi tó yẹ kó jẹ́ ẹrẹ̀. Ìka rẹ̀ jáde pẹ̀lú eruku. Ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé kejì, ó tún ki ìka bọ̀ ọ́, ó tún kọjá sí òmíràn. Ibi gbogbo ló gbẹ bí elùbọ́. Ní ọrùn ẹnu ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó rí ibi tí okùn ti ha irin títí irin fi ń dán. Àwọn èèyàn kan tilẹ̀ ti fi aṣọ wé e kí okùn má bàa yọ̀. Ó dé ẹ̀yìnkùlé Ìyápọ̀ pàápàá. Ibẹ̀ ló dán jù.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé e tán. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ kò purọ́. Ẹ̀rọ ló sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti mu, wọ́n wo ojú ọ̀run, òjò kò sí, wọ́n ní àlọ́ ni. Ilé kọ̀ọ̀kan ló rò pé abọ́ kan ṣoṣo tòun kò lè dí òjò lọ́wọ́. Ilẹ̀ kò mu rárá.

Dípò kó lọ síbi ẹ̀rọ, ó kọ́kọ́ yà sílé ara rẹ̀, ó gbé ìgò gígùn kan tí ẹrẹ̀ kún ní ìpele-ìpele, tó gbé kọ́ ara ògiri. Ọ̀dẹ́kúnlé ọkọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe láyé ni pé ó ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú aṣálẹ̀ níbi tí adágún ti wà rí, ó ń fa ẹrẹ̀ àtijọ́ jáde, ó ń kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí ẹni ka ìtàn. Aṣálẹ̀ náà ló sì pa á, torí ìjì iyanrìn ká a mọ́bẹ̀.

Nígbà tí Abíọ́nà dé ìdí ẹ̀rọ, oòrùn ti gun òkè. Níhà gúúsù, ìkùukùu dúró bí òkè, ibi tó ti ń dúró lójoojúmọ́ láti ìgbà tí òjò ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, tí kì í sún mọ́ tòsí. Gbogbo ojú kọjú sí àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan," ni Abíọ́nà wí. "Ta ló gbé abọ́ sábẹ́ ẹnu ilẹ̀?"

Ọkùnrin kan ṣàdédé rántí pé kẹ́ẹ̀gì òun ń jò, ó bẹ̀rẹ̀ láti wò ó, kò sì tètè nàró mọ́.

"Ìyàwó, kì í ṣe àsìkò ẹjọ́ nìyí," ni Ìyápọ̀ wí.

"Ẹjọ́ kọ́, Akọ̀wé. Ìgbìmọ̀ ní ilẹ̀ ti mu, òjò kò sì wá. Ilẹ̀ kò mu. Mo ti ki ìka bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìnkùlé ọmọ mi títí dé ẹ̀yìnkùlé yín."

Ìyápọ̀ wo ilẹ̀, ó sì gbójú sókè. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Ká tilẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ayé ló yí orí láyé ìjelòó, oòrùn kúrò níbi tó ń wò tẹ́lẹ̀, òjò sì bá a lọ. Ewé koríko wo ló lè fa ayé lórí padà?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì sọ ìyókù rẹ̀." Ó gbé ìgò náà sókè kí gbogbo wọn rí i. "Ẹ wo ìsàlẹ̀ yìí, dúdú. Adágún ni. Ìpẹ́ ẹja nìyí. Wọ́n ń tukọ̀ níbi tí iyanrìn wà lónìí. Ẹ máa bọ̀ lókè. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ń bẹ níbí, ó pọ̀. Níbí, ó ti ń dín kù: ẹran ń jẹ ẹ́, iná ń jó o, ilẹ̀ ń hàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹrẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Omi kò tíì lọ. Lẹ́yìn èyí ni eruku funfun wá dé. Oòrùn ló ń ti ilẹ̀kùn òjò pa lóòótọ́, koríko ló ki ẹsẹ̀ bọ àárín. Ìgbà tí koríko yẹ ẹsẹ̀ ni ilẹ̀kùn tì."

Kò sí ọmọ Etíyanrìn tí kò mọ ìyókù. Wọ́n ń kọ ọ́ lórin níléèwé: ilẹ̀ funfun ń da oòrùn padà sójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ a wó sílẹ̀, òjò a yà fún un, ilẹ̀ dúdú ń gbé oòrùn mì, koríko a làágùn, òógùn náà a gòkè lọ pe afẹ́fẹ́ òkun wálé. Wọ́n mọ orin náà dunjú. Wọ́n sì ń gbé abọ́ sábẹ́ ẹnu ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

"Ṣé o lè búra?" Ìyápọ̀ ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́. "Ṣé o lè búra pé bí ilẹ̀ bá mu lónìí, òjò á rọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún Abíọ́nà lọ́kàn, nítorí kò lè búra. Ọ̀dẹ́kúnlé pàápàá kò búra rí. Ó máa ń sọ pé ohun tí adágún kan wí nìyí, pé adágún mìíràn lè ní ẹjọ́ tirẹ̀. Omi inú táǹkì kò pọ̀. Ó tó ká fi dé Ìsàlẹ̀, tàbí kí ilẹ̀ mu dé gbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tó méjèèjì. Ó ronú kan Ìbíyẹmí lórí ẹní, ó ronú kan ojú àlejò tó là sílẹ̀ tí kò sunkún, ó sì ṣe é bíi pé kó da gbogbo omi ayé sí wọn lẹ́nu.

"N kò lè búra," ló sọ. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí a bá lọ, koríko ibí kú. Ìlú tó tẹ̀ lé wa lá di etí iyanrìn. Ẹ ó débẹ̀, ẹ ó sinmi díẹ̀, ẹ ó tún palẹ̀ mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Àwa ńkọ́?" ni obìnrin kan kígbe. "Ká kú sójú ọ̀nà nítorí koríko?"

"Ẹ ní omi nílé," ni Abíọ́nà wí. "Gbogbo yín lẹ ní in, lábẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn àpótí. Ìyẹn á gbé yín dé Ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ni kò ní. Ẹ ti mu tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mu tiyín."

Ẹni tó bá ní òun kò ní omi nílé, aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ pé ó ń purọ́. Abíọ́nà tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

"Ìyá Ẹ̀rọ," ni ẹ̀rọ wí, "ṣé kí n yọ orúkọ Ilẹ̀?"

"Rárá. Ṣí ẹnu rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Omi inú táǹkì yóò tán."

"Mo gbọ́."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ìyápọ̀ gbá ẹ̀rọ náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó pariwo, "O ti pa wá, Abíọ́nà!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é lórúkọ. Àwọn èèyàn tú ká, wọ́n sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. A kò ní purọ́: àwọn kan tún gbé abọ́ sí i. Ṣùgbọ́n omi náà ń ya bọ̀ ju ohun tí abọ́ lè gbà lọ, ó ń kún un, ó ń ṣàn kọjá. Màmá Àbẹ̀ní, arúgbó tó kọ́ gbogbo àdúgbò ní iṣẹ́ abọ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ilẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó wo omi, ó wo abọ́. Ó dojú abọ́ dé, ó sì jókòó lé e lórí.

"Ẹní bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," ló sọ nígbà tí Abíọ́nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "A ti dà á síwájú. Kí Olúwa jẹ́ ká lẹ́sẹ̀ tí a ó fi tẹ̀ ẹ́."

Àwọn ọkọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe wí, ńláńlá, wọn kò ní awakọ̀. Gbogbo ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, oníkálukú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tó ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀, ojú sì ń ti wọn díẹ̀ láti wo ara wọn. Abíọ́nà mú Ìbíyẹmí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Ó ti pinnu pé òun yóò dúró ti koríko, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ọmọ òun. Ìbíyẹmí gòkè. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í padé, ó dúró, ó tún ṣí.

"Ẹnì kan wà nínú mi tí n kò mọ̀," ni ọkọ̀ wí.

Wọ́n fi aṣọ bo ọmọ náà. Wọ́n gbé e sẹ́yìn. Wọ́n tì í sáàárín ẹrù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọkọ̀ ń wí: "Ẹnì kan wà nínú mi tí n kò mọ̀." Kò gbéra. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n ń wo iyanrìn tó ń pọ́n lábẹ́ oòrùn tó ń wọ̀.

Ìyápọ̀ sún mọ́ Ìbíyẹmí. Omi wà lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, gbé e fún ìyá rẹ. Ìwọ náà rí i pé kò lókun. O ṣì kéré, wàá bí òmíràn. Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu ìyá nínú lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kú nìyẹn, ọmọ yìí sì wà láyà ìyá rẹ̀, ó ń mí.

"Kò tíì dànù, Bàbá," ni Ìbíyẹmí wí. Ó sọ̀kalẹ̀.

Ilẹ̀kùn padé. Abíọ́nà dúró sínú eruku táyà, kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀. Àwọn mélòó kan ni wọn kò lọ, àwọn arúgbó jù lọ, àti Màmá Àbẹ̀ní tó wí pé ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ kì í ṣe ohun tí òun lè bá rìn.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀run funfun bí awọ ẹyin. Koríko ti dìde, òórùn tútù kan ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, òórùn tí Abíọ́nà ti gbàgbé. Níhà gúúsù, ìkùukùu gòkè, ó dúró, ó wo ibi tí wọ́n wà, ó sì túká. Ìbíyẹmí mu omi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó fi ọmọ sí ọmú. Ní ọjọ́ kẹta, ìkùukùu tún gòkè, ó sún mọ́ díẹ̀, Màmá Àbẹ̀ní bọ́ síta láti pè é bí ẹni ń pe adìyẹ, ó tún túká. Ọmú gbẹ. Ọmọ kò wá ọmú mọ́ pàápàá.

Abíọ́nà kò sùn, kò jẹun. Ó ń rìn láàárín koríko tútù náà, ó sì kórìíra rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ti mú ọmọ ọmọ òun fún koríko jẹ. Kí ló kàn án pẹ̀lú òjò àwọn ìlú tó wà lẹ́yìn? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n òun wà níbẹ̀, òun gan-an ló yí orí náà. Ó sunkún, ó sì ń fi ahọ́n gba omijé rẹ̀ nítorí òùngbẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ìbíyẹmí pè é wọlé. Ẹyọ igbá kan ló kù nínú kẹ́ẹ̀gì. Abíọ́nà dà á sínú igbá, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

"Mu ún. Bóyá ọmú á sọ."

Ìbíyẹmí mi orí. Ètè rẹ̀ ti là. "Kò lè mu mọ́, Màámi. Mo ti gbìyànjú." Ó wo ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́. "Bó bá máa lọ, kó má lọ bí àlejò. Ẹ jẹ́ kó ní orúkọ."

"Omi òjò nìkan ni…"

"Ta ló máa mú wa? Gbogbo òfin ti bá ọkọ̀ lọ."

Abíọ́nà wo inú igbá. Omi tó kù ní Etíyanrìn nìyẹn; kẹ́ẹ̀gì àwọn tó kù ti gbẹ ṣáájú. Ó rò ó pé kí òun kọ̀, kí òun fi ipá rọ ọ́ sí ọmọ òun lọ́fun. Lẹ́yìn náà ó rí i pé ìyá kan ló ń bẹ̀bẹ̀ ohun tó kẹ́yìn tó lè fún ọmọ rẹ̀, òun kò sì lẹ́nu láti kọ̀. Ó ké sí Màmá Àbẹ̀ní nítorí ìsọmọlórúkọ kì í ṣe nǹkan tí à ń dá ṣe. Arúgbó náà dé, ó rí igbá, kò béèrè ohunkóhun.

Wọ́n gbé ọmọ síta, sábẹ́ etí òrùlé. Kò sẹ́ni tó wojú ọ̀run nínú wọn. Wọ́n ti wò ó títí, ó ti sú wọn. Afẹ́fẹ́ kan ń fẹ́ láti gúúsù, lẹ́yìn wọn, ó ń fẹ́ ìborùn Ìbíyẹmí lù ú lójú, ìyá ọmọ sì ń fi ọwọ́ kan tì í kúrò, ó fi èkejì di ọmọ náà mú kí agbárí rẹ̀ bọ́ sábẹ́ páànù gẹ́lẹ́.

"Kí ni ká pè é?" ni Màmá Àbẹ̀ní béèrè.

"Omíyalé."

Abíọ́nà fẹ́ sọ pé omi wo ló yà sílé ta ni. Ó gbé e mì. Ó gbé igbá sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì da omi náà sórí òrùlé dúdú.

Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń yọ́ bọ̀ lórí páànù. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ síwájú orí ọmọ náà, kò mira. Ẹ̀kán kejì bọ́ sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọmọ náà pa ojú dé, ó la ẹnu, ó sì ké, igbe kékeré kan tó há, bí ẹni tí kò ké rí.

"Omíyalé!" ni Màmá Àbẹ̀ní pè. "Omíyalé o! Omíyalé!"

Ìbíyẹmí ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń retí kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kán tán kí wọ́n lè gbé ọmọ wọlé. Ó ń kán lọ. Abíọ́nà wo inú igbá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó kù. Igbá ti ṣófo. Òrùlé ṣì ń kán.